Ọkọ̀ ńlá tó ń dún gbàm tí wọ́n bá pa á: ṣé ẹ́ńjìnì ló ti nọ́ọ̀kù lóòótọ́?

Màmá kan tó ń ta àlùbọ́sà ló kọ̀wé sí mi láti Suleja. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiwọn náà nìyí: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ Mack tókùnbọ̀ kan ni bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀ fún wa, òun la fi ń kó àlùbọ́sà láti Aliero lọ sí Ṣáṣá n'Ìbàdàn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tí Mallam tó ń wà á bá ti pa á, á mì tìtì, á dún gbàgà-gbàgà-gbàm kó tó dákẹ́, lẹ́yìn ìyẹn nǹkan kan á tún máa súfèé. Tó bá ń rìn, kò dún rárá. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kù, ká sọ̀ ọ́ kíákíá. Ìkejì ní tọ́bò ló kú. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò lè ṣe méjèèjì. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á dúró ti ẹ̀yin àtàwọn ọmọ. Mi ò tíì rí ọkọ̀ yín, mi ò sì tíì fi etí ara mi gbọ́ ọ, torí náà ẹni bá ní òun mọ ohun tó ń ṣe é láti inú lẹ́tà, irọ́ ló ń pa fún yín, èmi náà ò yọra sílẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú mi jókòó dáadáa. Ẹ ní tó bá ń rìn, kò dún. Tó bá jẹ́ òótọ́ lèyí, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà kan inú ẹ́ńjìnì yẹn o.

Ọ̀rọ̀ "nọ́ọ̀kù" yìí gan-an ni kí n kọ́kọ́ tú palẹ̀, torí owó tó ti bá a lọ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ò kéré. Tí dírẹ́bà yín bá jẹ́ Hausa, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó sọ nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, á ti ní "yana bugawa", ìyẹn ni pé ó ń lu nǹkan, kò sì parọ́, nǹkan ń lu nǹkan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mẹkáníìkì bá ti gbọ́ pé ó ń lù, nọ́ọ̀kù ló máa wọ̀ ọ́ létí, tó bá sì ti di nọ́ọ̀kù, ó ti di ká sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀kù gidi ni kí bẹ́rìn tó wà láàárín kọ́ńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so mọ́ pístìn) àti kíránkì (ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì) jẹ, kí àyè ṣí síbi tí kò yẹ kí àyè wà, kí irin wá máa kan irin ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá yí. Gbogbo ìgbà ni mo wí o. Kì í dúró de ìgbà tí Mallam bá fẹ́ lọ kírun kó tó dún. Á máa dún kọ́-kọ́-kọ́ lórí síló, ìyẹn ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ iná sí i, tí ẹ bá tẹ iná sí i pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, á tún le sí i, tí ọ́ìlì bá wá gbóná tó ṣàn bí omi, á burú ju ti àárọ̀ lọ. Ẹ́ńjìnì tó gbé àlùbọ́sà láti Kebbi gba Mokwa kọjá dé Ìbàdàn láìdún, tó wá jẹ́ ìgbà tí wọ́n pa á nìkan ló ń dún, ẹjọ́ mìíràn lèyí.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá pa á? Ẹ́ńjìnì dísù ò rí bíi ti pẹtiróòlù. Ti pẹtiróòlù, tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìlẹ̀kùn kékeré kan máa ń pa lójú ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, torí náà atẹ́gùn tó wà nínú sílíńdà nígbà tó ń kú lọ ò tó nǹkan. Àwọn ọkọ̀ dísù àtijọ́ bíi tiyín ò ní ìlẹ̀kùn yẹn. Epo nìkan la gé, atẹ́gùn ṣì ń wọlé kún sílíńdà bámúbámú, pístìn ṣì gbọ́dọ̀ fún un mọ́lẹ̀ di bí ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún tàbí mẹ́tàdínlógún. Ẹ wo ẹni tó ń ti ọmọlanke gun òkè tí agbára ẹ̀ wá tán kó tó dé orí, ọmọlanke á tì í padà sẹ́yìn ni. Bí pístìn ṣe ń ṣe nìyẹn ní ìparí, á gun, á gun, kò ní lè dé òkè mọ́, atẹ́gùn tó fún mọ́lẹ̀ á tì í padà, kíránkì á fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, gbogbo ẹ́ńjìnì á sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tún fi èyí kún un: síló ọkọ̀ ńlá máa ń wà ní bíi 600 sí 700 yípo ní ìṣẹ́jú kan, nísàlẹ̀ síló yìí ni ibi kan wà tí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì àti rọ́bà tó jókòó lé máa ń bára wọn mu, bíi kí ẹ máa ti ọmọdé lórí jangirọ́fà ní àkókò tó yẹ kẹ́ ẹ tì í gẹ́lẹ́. Tí ọkọ̀ bá ń rìn, kò dé ibẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣí i àti ìgbà tí ẹ bá ń pa á nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Nítorí náà dísù gbọ́dọ̀ mì díẹ̀ tó bá ń kú, kò sí àrùn níbẹ̀. Ibi tí àrùn wà ni pé kí mímì yẹn rí nǹkan tó ti tú gbá mú, kó wá fi gbá nǹkan míì.

Ó ní tipper kan tí wọ́n gbé wá bá mi ní Zuba, ariwo tiẹ̀ jọ tiyín bí ọmọ ìyá. Ibòmíràn ni wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ti sọ sọ́ọ̀ǹpù sílẹ̀, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì, wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́rìn tí kò ṣe nǹkan kan, ọlọ́kọ̀ ti sanwó, ariwo ò sì kúrò. Mo ní kí mọ́tò bọ́ì gun orí ọkọ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní kó pa á. Ẹ́ńjìnì yẹn fò bí àkùkọ tí wọ́n dá lẹ́sẹ̀ kan, ọ̀pá jíà inú ọkọ̀ sì ń jù fìrì-fìrì. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí síìtì ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn lápá òsì, ìyẹn irin àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, rọ́bà ibẹ̀ ti pín sí méjì bí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó, ọ́ìlì ti mu ún yó títí tó fi rọ̀ bí ẹ̀yìn tó ti jẹrà, irin òkè ń bá irin ìsàlẹ̀ jà tààrà. Níbi tí wọ́n ti ń kanra, irin náà ń dán gbinrin bí owó ṣílè tuntun, ibi yòókù dúdú kirikiri. Dídán yẹn ni mo fi han ọlọ́kọ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó lórí táyà. Kí ẹ má sì rò pé mò ń fi ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà ti sọ sọ́ọ̀ǹpù rí nígbà tí mo ṣì wà ní Kàdúná, torí ariwo tó jẹ́ pé ọ̀pá sálẹ́ńsà ló ń kan ẹ̀gbẹ́ ṣaasí. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ yẹn kójú tó là mí.

Torí náà báyìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe é, kò sì ní ná yín ju owó ọṣẹ lọ. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí wọ́n fi igi tàbí òkúta ńlá há táyà, kí hándíbíréèkì wà lókè, kí jíà wà ní fíríì. Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo wáyà tí Mallam ń fà láti pa ẹ́ńjìnì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ló ń lo wáyà yìí, tó bá ti nà tàbí tó ti ń há, kì í fa ọwọ́ tó wà lára pọ́ǹpù epo dé òpin, epo díẹ̀ á ṣì máa kán sínú àwọn sílíńdà kan, àwọn míì ò ní rí, ẹ́ńjìnì á wá máa kú díẹ̀díẹ̀, á máa kọsẹ̀, á mì pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ ti ọwọ́ pọ́ǹpù yẹn dé òpin fúnra ẹ̀. Tó bá kú wẹ́rẹ́ láìdún, iṣẹ́ ti parí, wáyà ni. Mi ò rò pé òun nìkan ni tiyín, àmọ́ òun ló pọ́ọ́kú jù, kí la ó ṣe fi í sílẹ̀?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti kílọ́ọ̀ṣì, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àyẹ̀wò yìí. Kí Mallam pa ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láìtẹ kílọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i. Kó tún pa á lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kó tó pa á, kó má gbẹ́sẹ̀ títí á fi kú pátápátá. Tí ẹ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnì ò bá jíábọ́ọ̀sì tan mọ́ fúngbà díẹ̀. Tí gbàgà-gbàgà yẹn bá pòórá pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì nílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́yìn ni, bóyá àwọn sípíríìnì kékeré inú pílétì kílọ́ọ̀ṣì ti ṣẹ́ tàbí wọ́n ti rọ̀, tàbí jíà inú jíábọ́ọ̀sì ló ń gbá ara wọn torí pé wọ́n ti jẹ. Tó bá ṣì ń dún bákan náà, ẹ yíjú sí síìtì ẹ́ńjìnì. Kí wọ́n ki irin gígùn bọ àárín ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì àti ṣaasí, kí wọ́n gbé e díẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Síìtì tó dáa á rọ̀ díẹ̀, á sì padà síbi tó wà, èyí tó bá ti ya, á lanu bí ẹja. Àwọn kan máa ń fi jáàkì gbé sọ́ọ̀ǹpù láti yẹ ẹ́ wò, ẹ má gbà o, wọ́n á lu sọ́ọ̀ǹpù, ẹ ó wá ní wàhálà méjì.

Ohun méjì kan tún wà tí kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí mi ò lè fò. Ọ̀kan ni bóòtù fláíwíìlì (irin ńlá roboto tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnì) tó bá tú, ariwo ẹ̀ máa ń tan àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ jẹ, torí ó jọ nọ́ọ̀kù bí ìbejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí kékeré abẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì wò kí wọ́n tó dájọ́. Ìkejì ni púlè ńlá tó wà níwájú kíránkì, ti ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì máa ń ní rọ́bà láàárín tó ń gba gbígbọ̀n kíránkì mọ́ra. Tí rọ́bà yẹn bá ti tú, ẹ ó rí i tó ń ta gẹ́rẹ́-gẹ́rẹ́ tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Òun ò ṣeé fi jáfara, kíránkì tí ò rí ẹni gba gbígbọ̀n ẹ̀ lè ṣẹ́ sí méjì lọ́jọ́ kan láìkìlọ̀.

Ó ku ìfé. Mẹkáníìkì kejì ní tọ́bò, ìyẹn fáànù tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì, ló kú. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ tọ́bò tó bá ń súfèé lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì kú, òun ló ń ṣe dáadáa jàre. Tọ́bò lè máa yí tó 100,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan tí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù, kò lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ bá gé epo, á máa yí lọ fúngbà díẹ̀, ẹ́ńjìnì tó ti ń bo ohùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti dákẹ́, ẹ ó wá gbọ́ ọ. Ìfé tó bá ń rẹlẹ̀ fííííì títí tó fi tán, ẹ fi lọ́rùn sílẹ̀. Èyí tó bá ń ha bí ọ̀bẹ lára àwo, tàbí tó bá dúró gì bí ẹni tí wọ́n dì mú, òun ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Tí ọkọ̀ bá ti tutù, kí wọ́n tú rọ́bà atẹ́gùn iwájú tọ́bò, kí wọ́n fi ìka di ọ̀pá àárín ẹ̀ mú. Tó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Tó bá ṣeé tì wọlé kó tún ṣeé fà jáde débi tí ọwọ́ fi mọ̀ ọ́n, tàbí tí abẹ́ ẹ̀ ti ha ara ilé ẹ̀, ó ti lọ. Ìdí tí tọ́bò fi ń kú lọ́dọ̀ wa níbí sì yé mi dáadáa: dírẹ́bà á fi ẹrù kíkún gun òkè nínú oòrùn Kebbi, á rí ibi tí wọ́n ti ń ta túwó, á pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Tọ́bò ṣì ń yí, iná ṣì wà lára ẹ̀, ọ́ìlì ò dé ibẹ̀ mọ́, èyí tó kù níbẹ̀ á jóná di èédú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lórí síló kó tó pa á ti tó.

Ìfé kan ṣì wà o, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín, ju gbàm yẹn lọ. Ẹ ò sọ bó ṣe ń pẹ́ tó. Tọ́bò ò lè súfèé fún ìṣẹ́jú kan. Tí tiyín bá ń bá a lọ títí tí Mallam á fi sọ̀ kalẹ̀ tá á fi bọ́jú, atẹ́gùn bíréèkì ló ń jò. Ó lè ti máa jò tipẹ́ kó jẹ́ pé ariwo ẹ́ńjìnì ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ. Kí wọ́n jẹ́ kí gééjì atẹ́gùn gun dé bíi 120 psi (òǹkà agbára atẹ́gùn), pẹ̀lú igi há táyà, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kí wọ́n tú hándíbíréèkì sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo aago. Ìlànà tí wọ́n fi ń dán àwọn dírẹ́bà tírélà wò ní Amẹ́ríkà ni pé kò gbọ́dọ̀ já ju 3 psi lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n bá wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ju 4 lọ. Tiwa níbí, mo ti rí èyí tó já 20 kí n tó mí tán, ọlọ́kọ̀ sì ní òun ń lọ sí Èkó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí gbogbo oríkèé rọ́bà atẹ́gùn àti ẹnu táǹkì, ibi tó bá ń hó ni. Ọkọ̀ tó ń mì tó bá ń kú lè ná yín lówó, èyí tí ò ní atẹ́gùn bíréèkì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, owó ò lè san án padà.

Tó bá wá jẹ́ pé Mallam ò sọ fún yín tán ńkọ́? Torí dírẹ́bà ò fẹ́ kí ọkọ̀ jókòó, ojúmọ́ tí ọkọ̀ bá jókòó, ebi dé nìyẹn, ó lè ti máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ tipẹ́ kó sì pa á mọ́ra. Ẹ gun ọkọ̀ náà fúnra yín, kó gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ wo gééjì ọ́ìlì lórí síló. Tó bá ń sùn sílẹ̀ pátápátá tí kọ́-kọ́-kọ́ sì wà, ó ṣeé ṣe kí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ jàre. Kí wọ́n gé fíltà ọ́ìlì yẹn sí méjì, kí wọ́n tẹ́ pépà inú ẹ̀ sínú oòrùn. Àwọn kan máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì wá irin nínú ọ́ìlì, tí wọn ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á ní bẹ́rìn dáa. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú irin ojú bẹ́rìn mọ́, torí irin ojú ẹ̀ kì í ṣe èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì ń fà, ojú lẹ ó fi wá a, á máa tàn bí bàbà tàbí bí òjé. Tí ẹ bá rí i, ọkọ̀ yẹn ò gbọ́dọ̀ yí mọ́, kí wọ́n wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n á ti sọ̀ ọ́. Lórí ẹ́ńjìnì àtijọ́, mẹkáníìkì tún lè tú ẹnu ọ̀pá nọ́sù (ohun tó ń fọ́n epo sínú sílíńdà) lọ́kọ̀ọ̀kan lórí síló kó mọ sílíńdà tó ń dún, sílíńdà tí ariwo bá rọ̀ tí wọ́n tú tiẹ̀ ló ni ẹjọ́. Àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dán ìyẹn wò lórí ọkọ̀ ìgbàlódé tó ní bíréènì bọ́ọ̀sì tó ń lo kọ́mọ́ọ̀nù réèlì, ìyẹn ọ̀pá kan tó ń pín epo fún gbogbo nọ́sù, agbára epo tó wà nínú ọ̀pá yẹn lè kọjá 1,600 bar, á wọ inú ẹran ara bí abẹ́rẹ́, iṣẹ́ abẹ ló máa bá a débẹ̀.

Ní ti owó, mi ò ní dárúkọ iye kankan, ohun tí mo bá kọ lónìí, dọ́là á ti sọ ọ́ di irọ́ lọ́la. Bó ṣe tẹ̀lé ara wọn ni mo lè sọ: wáyà pípa ni pọ́ọ́kú, síìtì ẹ́ńjìnì tẹ̀lé e, tọ́bò wọ́n ju ìyẹn, kílọ́ọ̀ṣì le torí wọ́n á sọ jíábọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnì sísọ̀ wá ni bàbá gbogbo wọn. Tó bá jẹ́ síìtì, ẹ pààrọ̀ méjì ẹ̀yìn pọ̀, kẹ́ ẹ ra tuntun gidi, torí síìtì tókùnbọ̀, rọ́bà tó ti gbó lókè òkun lẹ̀ ń rà. Wọ́n á ní àwọn lè gé táyà fi ṣe é fún yín. Ó ṣeé ṣe, mo ti ṣe é rí lójú ọ̀nà Mokwa nígbà tí kò sí ọgbọ́n míì, ó gbé wa délé, àmọ́ rọ́bà táyà le jù, gbogbo gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì ló máa kọjá sínú ṣaasí, kí ẹ tó mọ̀, bóòtù ibòmíràn ti ń tú. Kí wọ́n sì wá ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sórí síìtì yẹn dí kí wọ́n tó de tuntun. Tó bá jẹ́ sípíríìnì kílọ́ọ̀ṣì, ẹ lè fi rin ìrìnàjò kan sí i kẹ́ ẹ fi rówó, èmi ò ní bá yín jiyàn, àmọ́ tó bá ṣẹ́ tó já bọ́ sínú ilé ẹ̀, á ha ojú fláíwíìlì.

Tí ẹ bá ti ṣe ti kílọ́ọ̀ṣì yẹn tán, ẹ kọ èsì ẹ̀ sí mi, ẹ̀ẹ̀mẹta láìtẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta pẹ̀lú ẹ̀ nílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ká ohùn ẹ̀ ránṣẹ́, kí fóònù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì, kí òmíràn wà níwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù kì í gbé ohùn tó bá rẹlẹ̀ dáadáa, mi ò sì ní fi ìyẹn nìkan ṣèdájọ́. Kẹ́ ẹ sì sọ fún Mallam láti òní lọ, bó bá ti páàkì: "Kada ka kashe nan da nan," ìyẹn ni pé kó má pa á lójú ẹsẹ̀. Kó jókòó ka ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó fa wáyà.